Maxine Sugden àti Orin Ìkọkànlélógójì

Ọjọ́ tí Keith, ọkọ Maxine Sugden, kó jáde nílé, ó kó aṣọ rẹ̀, ó kó ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin mọ́ ọn. Maxine ò sunkún nítorí Keith. Ó wọ bàtà òjò, ó gun òkè lọ sí ilé obìnrin tuntun náà lọ́sàn-án gangan, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ọkọ lẹ gbà, ẹ máa mú un lọ, mi ò bá yín jà. Ẹ̀rọ mi ni mo wá gbà." Obìnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Maxine bá jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn nínú òjò, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá ládùúgbò, títí ojú fi ti àwọn ará inú ilé tí wọ́n sì gbé e jáde fún un. Ó gbé e mọ́ àyà sọ̀ kalẹ̀ òkè náà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́.

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí i, nọ́ọ̀sì gbá a nídìí kó lè ké, ó kọ̀, ìgbà tó wù ú ló tó ké. Ilé iṣẹ́ páì tó wà lẹ́bàá odò ní Harclough, ìlú kékeré kan tó jìnnà sí London, ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé. Ọ̀gá tuntun kan dé lọ́dún kan, ó ní kí wọ́n pa rédíò ibi iṣẹ́, ó ń dí wọn lọ́wọ́. Maxine ní kò burú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọrin fúnra rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ṣíwọ́, ohùn rẹ̀ ò sì dùn rárá, ká má purọ́. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi tan rédíò padà.

Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo Harclough fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni orin kan ṣoṣo, àti ìjà tó ń bá Russell Barraclough jà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Russell ni alága àwọn tó ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn kilọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù Ògọ́sì. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n pẹ̀lú Maxine. Iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà ò ju ọ̀kan lọ: nínú gbogbo síńgù, ìyẹn àwo tí orin kan ṣoṣo wà nínú ẹ̀, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí gbé jáde láàárín 1990 sí 1999, èwo ló dára jù? Oníkálukú á gbé àwo kan wá, àwo tó fi owó ara rẹ̀ rà nígbà tí orin náà ṣì gbóná, á lù ú fún gbogbo ilé, á gbèjà rẹ̀, wọ́n á sì bú u bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á dìbò. O ò gbọ́dọ̀ dìbò fún tìrẹ. Àwo tó bá borí á wà nínú ẹ̀rọ orin kilọ́ọ̀bù fún ọdún kan gbáko. Ìdíje wo ló tún ju ìyẹn lọ? Àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ ṣíwọ́ kíkí ara wọn.

Òfin kan ló ń bí Maxine nínú. Kí orin tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ ti wọ Ogójì. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ yìí nígbà yẹn mọ ohun tí Ogójì jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, bí ìyá ṣe ń bu ẹ̀wà sórí búrẹ́dì, rédíò á máa ka ogójì orin tó tà jù lọ́sẹ̀ náà, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Àwọn ọmọ á fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Orin tí wọ́n bá pè, ó di orin. Èyí tí wọn ò bá pè, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Orin Maxine ṣe ìkọkànlélógójì.

"Stop at Ours Tonight" lorúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé kó o sun ilé wa mọ́jú. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta láti òpópónà tí wọ́n bí Maxine sí gan-an ló kọ ọ́, wọ́n pe ara wọn ní Tinsel Row. Gaynor Tordoff ló ń lé e. Ní 1996, ilé iṣẹ́ kan ní London gbé e jáde fún wọn, Maxine sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sùn lọ́sẹ̀ náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó wọ inú ilé ìwé, ó bá àwọn ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bíńgò, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ rà á. Àwọn tí wọn ò ní ẹ̀rọ àwo nílé pàápàá rà á. Ọ̀dọ̀ Wilf Ogden ló darí gbogbo wọn sí, nítorí Wilf ló ń ta àwo orin nínú ọjà, láàárín ẹlẹ́yin àti ẹlẹ́ja, kò sì sẹ́ni tí kò fẹ́ràn Wilf. Lọ́jọ́ Sunday, Harclough dákẹ́ rọ́rọ́ nídìí rédíò. Wọ́n pe ìkogójì, orúkọ ẹlòmíì ni. Gbogbo ìlú ṣáà ń retí, wọ́n ní bóyá ó ti gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí wọ́n fi pe ìkíní. Ọjọ́ kejì ni Gaynor gbọ́ láti London pé ipò kan péré ni wọ́n fi pàdánù rẹ̀. Kí ọdún tó parí, London ti tú wọn ká. Gaynor padà wálé, ó gba iṣẹ́ ní kilọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní, òun ló ń pọn bíà fún àwọn tó ń jà lórí orin àwọn ẹlòmíì.

Èyí ló ń ká Maxine lára. Ọdọọdún ló ń gbé àwo náà wá, ọdọọdún ni Russell ń dá a padà. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òmíì wá. Kò mú òmíì wá. Á jókòó láìní orin, á máa bú orin tiwọn, bó bá sì di ìgbà ìbò á ní òun ò rí ẹni òun fẹ́ dìbò fún. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n pe orúkọ orin náà mọ́ àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò ń rọ̀, yàrá náà sì ń rùn fún aṣọ tútù àti páì ẹlẹ́dẹ̀. Nev Pickles, tó ń tún òrùlé ṣe, ló kọ́kọ́ lu tirẹ̀. Orin ijó ni, kò lọ́rọ̀ nínú, ẹ̀rọ ló ń dún gbì-gbì-gbì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Nev," Russell ní, "ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyàwó ẹ lo gbé wá yìí. Orin dà?"

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ yìí náà lo fi jó títí ṣòkòtò fi ya mọ́ ẹ nídìí níbi ìgbéyàwó àbúrò mi! Ká máa parọ́ fún ara wa ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Russell rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ìgò ojú rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn ènìyàn, ohun gbogbo lójú tirẹ̀ ló ní ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Orin onígìtá nìkan ni orin lójú rẹ̀. Ó lu tirẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé bí gbogbo ilẹ̀ yìí ṣe pín sí méjì lọ́sẹ̀ tí ẹgbẹ́ olórin ti àríwá àti ti gúúsù gbé síńgù jáde lọ́jọ́ kan náà.

"Bàbá mi ò bá bàbá Nev sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ náà," ó ní. "Orin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, kí ló tún kù?"

"Bàbá ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí," ni Maxine dáhùn. "Gìtá ò mọ̀ nípa ìyẹn."

Nígbà tó kan Maxine, ó gbé àwo rẹ̀ sórí tábìlì. Gaynor wà nínú yàrá náà, ó ń kó àwọn ife òfìfo. Ó ń ṣe bíi pé òun ò rí i, bó ṣe máa ń ṣe.

"Òfin," Russell ní.

"Mo mọ òfin. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lo lè tú u."

"Mi ò ní tú u. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Maxine, màá là ẹ́ lójú, ká lè sinmi ọ̀rọ̀ yìí." Ó dìde dúró. Ó hàn pé ó ti ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bọ̀ láti ilé. "Mo pàdé ọkùnrin kan tó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lójú títì nígbà yẹn. Ó ní tiwọn nìkan ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ka ọjà rẹ̀ fún Ogójì ní ìlú yìí. Ẹ̀rọ wà lórí káńtà wọn. Àwo tí wọ́n bá tà níbẹ̀, London gbọ́. Wilf ńkọ́? Páálí bàtà ni Wilf ń kó owó sí. Ta ni páálí bàtà fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní London?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Russell ò tíì ṣe tán.

"Gbogbo àwo tí Harclough rà, ọ̀kan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kà á. Ó sì ku ipò kan péré! Ta ló kó ìlú lọ sọ́dọ̀ Wilf? Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì? O ti ń bú London láti ọjọ́ yìí. London kọ́ ló pa Tinsel Row, Maxine. Ìwọ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nev ń wo inú ife rẹ̀. Maxine rí ara rẹ̀ pẹ̀lú irun tó fi ọ̀dà pupa kùn nígbà yẹn, tó ń fa àwọn ìyá àgbà lọ́wọ́ lọ sínú ọjà, tínú rẹ̀ ń dùn. Ó wojú Gaynor. Gaynor di àwọn ife náà mú, kò mira. Ojú ti Maxine lọ́nà tí kò tíì tì í rí láyé rẹ̀, ó ṣe é bíi kó gbé àwo rẹ̀, kó máa lọ sílé, kó má sì padà wá síbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti kan àwo náà.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ Russell tún padà sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

"Russell," ó ní, "tún un sọ."

"Kí ni kí n tún sọ? O ti gbọ́."

"Wọn ò ka ti Wilf?"

"Ọ̀kan ò sí níbẹ̀."

"Nev, báwo làwọn tó tò sọ́dọ̀ Wilf lọ́jọ́ Monday tí àwo náà jáde ṣe pọ̀ tó?"

"Há! Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, wọ́n tún yí ẹlẹ́yin ká. Ẹlẹ́yin ń ṣépè. Mo wà ńbẹ̀, ẹyin lèmi náà fi orí bọ̀, torí wọ́n taari mi."

"Ọjọ́ kejì ńkọ́?"

"Wilf ní láti ránṣẹ́ lọ kó òmíì wá."

Maxine kọjú sí Russell. Ohùn rẹ̀ ti padà. "Láìka gbogbo ìyẹn mọ́ ọn, ó dé ìkọkànlélógójì. Ká ní wọ́n kà á ńkọ́? Ìwọ tó o mọ ìṣirò, alága wa, ibo ni ì bá wà?"

Russell jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn ní tirẹ̀, irọ́ kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Ó... ì bá wọlé. Bóyá ipò ọgbọ̀n ó lé díẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Maxine fi ọwọ́ gbá tábìlì tí bíà fi dànù. "Ẹ gbọ́ ohun tí alága sọ! Ó tà, ó wọlé, àwọn ni ò kà á! Mo gbà pé èmi ni mo darí wọn síbẹ̀. Mo gbà, ó dùn mí, màá ru ẹ̀bi mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò kà kì í ṣe ẹni tí kò wá!"

"Maxine, fi sílẹ̀."

Gaynor ló sọ̀rọ̀. Kò dá sí ọ̀rọ̀ ìdíje wọn rí, àwọn tó kọjú sí ẹ̀rọ orin ní láti yíjú padà. Ó gbé àwọn ife náà kalẹ̀.

"Ẹ̀bi kankan ò sí tó o fẹ́ rù. Mo mọ̀," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ọkùnrin ilé iṣẹ́ London yẹn ti pè mí. Ó ní kí n kó àwọn èèyàn mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó lé wa jáde nígbà tá a gbé kásẹ́ẹ̀tì tá a fọwọ́ ara wa ṣe lọ bá wọn! Wilf gbà á, ó tò ó síwájú àtẹ ẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣé kí n wá sọ fún ìlú pé kí wọ́n kọjá níwájú Wilf, kí wọ́n máa lọ síbòmíì? Mo ní kí ọkùnrin náà lọ jókòó. Ta ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀? Èmi ni mo sọ fún ìwọ pé ọ̀dọ̀ Wilf ni kẹ́ ẹ lọ. O ti gbàgbé ni?"

Maxine ti gbàgbé. Lójú tirẹ̀, òun ló ronú rẹ̀ fúnra òun.

"O mọ̀, o ò sì sọ?" Nev béèrè.

"Ta ló bi mí? Bíà nìkan lẹ máa ń béèrè. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà yẹn, bí wọ́n bá sì tún dá mi padà síbẹ̀ lọ́la, ohun kan náà ni màá ṣe." Ó yíjú sí Maxine. "Torí náà má bẹ̀ wọ́n nítorí mi. Mi ò fẹ́ káwọn yìí fi àánú gbà mí wọlé."

"Ta ló ń bẹ̀ wọ́n nítorí ẹ?" Maxine ní. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Gaynor, mo fẹ́ràn ẹ, àmọ́ jókòó. Ìwọ lo kọ ọ́, mo gbà. Èmi ni mo rà á. Owó tí mo gbà níbi tí mo ti ń fọ abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja díndín lọ́jọ́ Saturday ni mo fi rà á, òun ni mo lù ní gbogbo òru tí bàbá mi fi ṣàìsàn, òun ni mo lù lọ́jọ́ tí Keith lọ. Ohun tó o ṣe pẹ̀lú London, ọ̀rọ̀ ẹ nìyẹn. Èmi fẹ́ kí wọ́n kà á torí pé tèmi ni. Èmi tí mo rà á, ṣé mi ò sí láyé ni? Ṣé gbogbo àwa tá a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́ja yẹn, àwa ò sí láyé?"

Gaynor fa àga kan, ó sì jókòó lóòótọ́.

Nev gbé ọwọ́ sókè. "Alága, èmi ni kó wọlé. Mo fi ẹyin fọ orí nítorí orin yẹn." Ẹlòmíì nawọ́, òmíì tún nawọ́. Kò sẹ́ni nínú wọn tí kò rà á lọ́dọ̀ Wilf. Russell wo gbogbo ọwọ́ náà. Ó jọ pé ó ń wá òfin tó máa fi dí i. Nígbà tí kò rí i, ó ní, "Wilf ló ta tèmi náà fún mi. Lù ú."

Wọ́n lù ú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe orin tó le. Ìlù rẹ̀ yára ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ṣi ohùn níbi tí wọ́n ti ń gbè é. Ṣùgbọ́n ohùn Gaynor nígbà tó wà lọ́mọdé wọ inú yàrá náà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn láìkàn án, Gaynor tòní sì ń wo ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e láìmọ̀. Nígbà tó parí, wọ́n gbógun tì í bí wọ́n ṣe ń gbógun ti gbogbo orin.

"Orin ọmọ iléèwé," ni ẹnì kan wí.

"Kò ní ìparí, ó kàn dákẹ́ ni," Russell fi kún un. "Ìlù yẹn sì ń sá bí ẹni tí ajá ń lé."

"Ajá ì bá jẹ gìtá tìẹ tán kó tó débẹ̀!" Maxine ń ké, ó ń jà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbádùn ọjọ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ń wá síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ dídùn nítorí àánú, inú rẹ̀ sì dùn sí i pé wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dìbò. Russell dìde láti ka èsì. Bó ṣe máa ń kà á nìyẹn, bí ti rédíò, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, á sì mú ohùn rẹ̀ wúwo bí ti àwọn ará ilé iṣẹ́ rédíò.

"Ní ipò kẹsàn-án," ó ní, "tí í ṣe ìkẹyìn, láìrí ìbò kan ṣoṣo: Tinsel Row, 'Stop at Ours Tonight'."

Maxine pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ta bíńgò níwájú fi wá yọjú. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó dì mọ́ Gaynor lọ́rùn. "A ṣe ìkẹyìn!" ó ń wí. "Gaynor, ṣó o gbọ́? A ṣe ìkẹyìn!"

"Mo gbọ́," Gaynor ní. Ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu, kò lè sọ ju ìyẹn lọ.

"Maxine," Russell ní jẹ́jẹ́, torí ó rò pé kò yé e, "ẹ ò rí ìbò kankan o."

"Mo mọ̀. Etí yín ló di, ẹ̀yin olórí kunkun wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ kà wá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó yá, alága. Ta ló ṣe ìkẹjọ?"